Èèpo Igi Tí A Fi Ìwé Ṣe
(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún wa)

   

Ẹ mọ̀ pé tí àkókò báyìí bá tó, ìròyìn owó ni akọ̀wé máa ń kà: iye tí a dá, iye tí a yá, iye tí ó kù lọ́wọ́ àwọn tí kò tíì san. Akápò ti bá mi ṣe ìyẹn lówùúrọ̀ yìí, ẹ sì ti pàtẹ́wọ́. Èmi, kọmití ní kí n sọ̀rọ̀ lórí igi kékeré tí ẹ rí lórí tábìlì yẹn. Láti àárọ̀ ni àwọn ọmọ ti ń yí i po, tí wọ́n ń bi mí pé, "Màámi, ṣé igi gidi ni?" Àwọn àgbà pàápàá ń fọwọ́ kàn án. Ìyá kan tilẹ̀ fi èékánná ha á díẹ̀, mo rí yín o, Màámi, n kò ní dárúkọ.

Igi náà kì í ṣe igi gidi. Igi odán ọjà wa ni a fi ṣe àwòrán, pẹ̀lú àwọn ìyá tí wọ́n jókòó sábẹ́ rẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìwé ni èèpo rẹ̀. Mo fẹ́ sọ bí a ṣe ṣe é, kí ẹni tó bá fẹ́ lè lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe é nílé. Mo sì fẹ́ sọ ohun kan tí n kò sọ fún ẹgbẹ́ yìí rí. Ẹ bá mi ní sùúrù.

Kí ló dé tí a kò fi èèpo igi gidi ṣe é?

Ẹ̀yin àgbà rántí odán náà. Igi ńlá, òjìji rẹ̀ gba ìlàjì ọjà. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn ìyá wa ti ń ka owó àjọ, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ìjà. Ọ̀pọ̀ ọjà àtijọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó ní irú igi bẹ́ẹ̀, torí pé kí wọ́n tó kan páànù ni igi ti jẹ́ ilé fún ọlọ́jà. Kí ni ó pa á? Àwọn kan ń sọ pé mànàmáná ni, àwọn kan ní ayé ni. Àwa tí a jókòó sábẹ́ rẹ̀ mọ òótọ́: èèpo tí a ń bó lára rẹ̀ ni. Ẹni tí inú ń run á bó díẹ̀, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń gbóná á bó díẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ tà á wá lóru pẹ̀lú àdá. Kò sí ẹni tó bó púpọ̀. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni ojú ọgbẹ́ náà fi yí igi po bí ìgbà tí ènìyàn sán bẹ́líìtì.

Ọ̀gá kan tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní omi máa ń gba inú igi gòkè lọ sọ́dọ̀ ewé, ṣùgbọ́n oúnjẹ tí ewé bá sè, inú èèpo ni ó ń gbà sọ̀kalẹ̀ lọ bá gbòǹgbò. Tí a bá bó èèpo yí igi po, omi ṣì ń gòkè, ewé ṣì tutù, ọlọ́jà á ní igi kò ní nǹkan kan. Àṣé ebi ti ń pa gbòǹgbò nísàlẹ̀. Ó lè tó ọ̀pọ̀ oṣù, ó lè ju ọdún kan lọ, kí igi tó wó. Bí odán wa ṣe lọ nìyẹn.

Nígbà tí kọmití wá ní kí a ṣe àwòrán odán náà fún àjọ̀dún, ọmọ ọ̀kan nínú wa, ọmọ dáadáa, mú ọ̀bẹ, ó ní òun mọ odán kan lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ wọn, òun á lọ bó èèpo rẹ̀ wá kí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Màmá wa tó dàgbà jù nínú kọmití gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ pa odán kejì kí o tó fi ṣe ìrántí odán àkọ́kọ́ ni?" Gbogbo wa dákẹ́. Bí a ṣe pinnu nìyẹn pé a ó ṣe èèpo fúnra wa.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ kékeré báyìí jẹ́ nǹkan àjèjì ní agbègbè wa. Ilẹ̀ ọlọ́wọ́ọ̀ṣọnà ni a wà. Ta ni kò gbọ́ orúkọ Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀? Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni ó ti wá, Ìsẹ̀ ni ó ti ṣiṣẹ́ fún Arínjalẹ̀, ó sì kú ní 1938. Ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, tí ó gbẹ́ òyìnbó tí wọ́n gbé wá kí ọba sí, wọ́n gbé e dé ibi àfihàn ńlá tó wáyé ní Wembley ní London ní 1924. British Museum ni ó wà di òní olónìí. Ọ̀kan nínú àwọn òpó ààfin Ìkẹ́rẹ́ tó gbẹ́ sì wà ní Chicago ní Amẹ́ríkà. Àwọn òyìnbó ń sanwó ọkọ̀ òfuurufú láti lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ ará Ìsẹ̀, àwọn ọmọ wa ní Ìsẹ̀ kò sì mọ̀.

Ní Ọ̀wọ̀, tí kò jìnnà sí wa níbí, Justus Akeredolu bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn láàárín 1930 sí 1939. Ẹ̀gún ni ó ń gbẹ́. Ẹ mọ àwọn igi ẹlẹ́gùn-ún bí igi ata, tí ẹ̀gún ńlá máa ń hù sára èèpo wọn. Ẹ̀gún yẹn rọ̀ fún ọ̀bẹ. Ó ń gbẹ́ ẹ di ènìyàn kékeré tí kò ga ju ìka ọwọ́ lọ: obìnrin tó ń gúnyán, àwọn tó ń tayò, adẹ́mu tó ń gun ọ̀pẹ. Kò kùn ún ní ọ̀dà. Ẹ̀gún kan funfun díẹ̀, òmíràn pọ́n, òmíràn ní àwọ̀ ilẹ̀, ó ń fi wọ́n pa ara wọn pọ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì di ohun tí àwọn àlejò ń rà lọ sílé ní gbogbo Nàìjíríà.

Ẹ wá wò ó. Agbẹ́gilére bí Ọlọ́wẹ̀, èèpo ni ó kọ́kọ́ ń bó dànù kí ó tó dé inú igi. Akeredolu mú ohun tó hù lára èèpo. Àwa tiwa, èèpo gan-an ni a fẹ́ ṣe. Ojú ni olórí irinṣẹ́ nínú gbogbo rẹ̀.

Báyìí ni a ṣe ṣe é.

Àkọ́kọ́, a lọ wo igi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. A ti ń kọjá lára igi láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wa, a kò wò ó. Tí mo bá bi yín pé àwọ̀ wo ni èèpo igi, ẹ ó ní àwọ̀ kòkó. Irọ́ ni. Ẹ lọ wò ó lọ́sàn-án: èèpo odán dà bí eérú, ara rẹ̀ sì jọ̀lọ̀ ju ti igi yòókù lọ. Ti máńgòrò dúdú, ó sán wẹ́wẹ́. Ti tíìkì ṣí ní ìlà ìlà láti òkè dé ilẹ̀. Ti ọ̀pẹ, kùkùté ìmọ̀ tí wọ́n gé ni ó tò yí i ká. Ti kòkó, ojú kéékèèké wà lára rẹ̀ níbi tí òdòdó ti ń yọ, torí ara igi gan-an ni kòkó ti ń so. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tí òjò máa ń bá ṣàn, ẹ ó rí i pé ó ní àwọ̀ ewé díẹ̀, pẹ̀lú àmì funfun roboto roboto. Ẹni tí kò bá rí ìwọ̀nyí, àwọ̀ kòkó ni yóò kùn, gbogbo ènìyàn á sì mọ̀ pé bébà ni.

Èkejì, a gba àwòrán èèpo lára igi láì bó o. Èyí ló dùn mọ́ mi jù. A po amọ̀ kí ó rọ̀ bí ìyẹ̀fun tí a fẹ́ fi ṣe búrẹ́dì. A wọ́n eérú díẹ̀ sójú rẹ̀ kí ó má baà lẹ̀. A tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara igi, a ká a kúrò jẹ́jẹ́. Gbogbo ìlà, gbogbo ojú, ó ti wà nínú amọ̀. A gbé e sínú òjìji kí ó gbẹ díẹ̀. Igi kò pàdánù nǹkan kan. Omi kékeré ni a fi fọ eérú tó kù lára rẹ̀, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a lọ.

Ẹ̀kẹta, ẹran ara rẹ̀. A ya ìwé ìròyìn àti kírétì ẹyin wẹ́wẹ́, a rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná di ọjọ́ kejì, a gún un. Kì í ṣe odó iyán o! Àwa ará Èkìtì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lé yín jáde nílé ọkọ nítorí iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ wá odó tó ti là. A fún omi rẹ̀ kù. Ife mẹ́rin rẹ̀ ni a pò mọ́ ife kan ìyẹ̀fun pákó tí a kó ní ṣọ́ọ̀mìlì tí a sì fi asẹ́ jọ̀, ife kan sítáàṣì tí a sè kí ó ki, ṣíbí ìjẹun méjì gọ́ọ̀mù funfun ti káfíńtà, àti iyọ̀ ṣíbí kékeré kan kí èébu má baà hù sí i. Ẹ pò ó títí tí yóò fi dúró lọ́wọ́ láì máa kán omi.

Ẹ̀kẹrin, egungun rẹ̀. Wáyà tí a lọ́ pọ̀ ni ìdí igi wa àti ẹ̀ka rẹ̀. A fi ìwé ìròyìn wé e, a fi okùn dì í. Ẹ má fi igi tútù ṣe é, torí tí ó bá gbẹ, yóò sún kì, gbogbo èèpo á já bọ́.

Ẹ̀karùn-ún, a fi ìwé gbígún náà bo ojú amọ̀ tí ó ní àwòrán èèpo, tínrín bí awọ àkàrà. A tẹ̀ ẹ́ wọlé dáadáa. Tí ó bá gbẹ díẹ̀, a ká a kúrò, a fi sítáàṣì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara igi lẹ́yọ lẹ́yọ. Níbi tí ẹyọ méjì bá ti pàdé, a fi ìgbálẹ̀ ẹyọ kan àti òòyà àtijọ́ fa ìlà kí ojú ìsopọ̀ má hàn. Àwọn gbòǹgbò tó ń rọ̀ láti ẹ̀ka odán, okùn àpò ìrẹsì tí a tú, tí a sì rì bọ inú sítáàṣì ni. A gbé gbogbo rẹ̀ sínú òjìji. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó lè gbẹ ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Nígbà òjò, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan. Tí igi tí ẹ fẹ́ ṣe bá jẹ́ èyí tí èèpo rẹ̀ máa ń sán bí ti máńgòrò, ẹ gbé tiyín sínú oòrùn. Oòrùn á bá yín sán an lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ìwọ̀n níbí, torí ibẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ ṣìṣe. Obìnrin tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àbọ̀ ni a ṣe ní íǹṣì méjì àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ìyẹn ni pé ẹsẹ̀ bàtà kan di ìdajì íǹṣì. Igi tó ga ní ogójì ẹsẹ̀ bàtà di ogún íǹṣì, ó gba orí tábìlì. Ó dára. Ṣùgbọ́n ojú sísán tó fẹ̀ tó íǹṣì kan lára igi gidi gbọ́dọ̀ di ìdá kan nínú mẹ́rìnlélógún íǹṣì. Kò ju ẹnu ọ̀bẹ lọ! Àkọ́kọ́ tí a ṣe, amọ̀ tí a tẹ̀ mọ́ igi ńlá ni a lò, ìlà rẹ̀ sì tóbi jù. Àwọn ìyá kékeré tí a gbé sábẹ́ rẹ̀ wá dà bí eèrà lẹ́bàá ògiri tó sán. Ni a bá lọ tẹ amọ̀ mọ́ ẹ̀ka odán tó tínrín, tí ìlà ara rẹ̀ kéré, òun ni ó bá ìwọ̀n mu. Ẹ rántí ìyẹn: ẹ̀ka ni kí ẹ gba àwòrán rẹ̀, kì í ṣe ìdí igi.

Ìkẹyìn ni àwọ̀. A kò ra ọ̀dà. Èédú tí a lọ̀ kúnná, eérú, ẹfun, erùpẹ̀ pupa àti osùn díẹ̀ ni a lò, a fi omi sítáàṣì pò wọ́n. Orín tí a ti jẹ ẹnu rẹ̀ ni búrọ́ọ̀ṣì wa. A kọ́kọ́ fi omi èédú kùn ún pátá kí ó wọ inú gbogbo ìlà, a sì fi àkísà nu ojú rẹ̀ kíá kí dúdú lè kù sínú kòtò nìkan. Nígbà tó gbẹ, a fi eérú àti ẹfun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ pa orí ibi tó yọ síta. Ewé tútù tí a gún, a fi kan ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, níbi tí òjò ìbá ti máa ṣàn. Gọ́ọ̀mù àti wáyà nìkan ni a fi owó rà nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí. Rìsíìtì wọn wà nínú fáìlì, ẹni tó bá fẹ́ rí i kó wá.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ nìyí.

Nígbà tí igi náà gbẹ, tí a kùn ún tán, àlejò kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó fọwọ́ pa á, ó yí i padà, ó sì bi mí pé, "Ìyá, igi wo lẹ bó èyí lára rẹ̀?" Inú mi dùn débi pé mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó lọ tán, ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo rántí ohun tí mo ti gbé sínú fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Gbogbo yín mọ̀ pé ewé àti egbò ni mo ń tà. Nígbà tí Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Dora Akunyili wà ní NAFDAC, láti 2001 títí dé òpin 2008, gbogbo wa ni a máa ń pàtẹ́wọ́ fún un tí a bá gbọ́ ọ lórí rédíò. A ń gégùn-ún fún àwọn tí ń ta ayédèrú oògùn. Èrò mi ni pé ọ̀rọ̀ àwọn oníkẹ́míìsì ìlú ńlá ni. N kò mọ̀ pé ó ti wọ ìsọ̀ èmi náà.

Ní ọdún kan nínú àwọn ọdún wọ̀nyẹn, mo ra àpò èèpo awọ́pa kan lọ́wọ́ ẹni tó ń kó o kiri. Ẹ mọ awọ́pa, èyí tí inú rẹ̀ pọ́n bíi ti ajó, tí àwọn ènìyàn ń rà fún ibà. Ó wọ́n nígbà yẹn, ti ọkùnrin yìí sì dínkù. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lójú, ó pọ́n. Mo rà á. Mo tà á.

Ìyá ọmọ kan ra tirẹ̀ lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ kẹfà ó padà wá, ó gbé abọ́ omi lọ́wọ́. Omi inú abọ́ pọ́n, ṣùgbọ́n èèpo inú rẹ̀ ti funfun bí èèpo ẹ̀gẹ́. Ẹnì kan ti fi àwọ̀ kun èèpo igi kan ṣáá. Ọjọ́ márùn-ún ni ọmọ náà ti ń mu omi aláwọ̀ yẹn, ibà ń pọ̀ sí i, kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fà sí i lára. Ọpẹ́ ni f'Ólúwa, ọmọ náà yè.

Ẹ ó bi mí pé kí ni mo sọ fún obìnrin náà. Ojú ń tì mí títí di òní. Mo ní, "Bóyá ẹ sè é jù." Bẹ́ẹ̀ ni mo wí. Abọ́ wà níwájú mi, mo rí i, mo sì sọ ọ́, torí pé àwọn oníbàárà mìíràn ń gbọ́. Kò bá mi jà. Ó da omi náà sílẹ̀ níwájú ìsọ̀ mi, ó lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo rẹ èyí tó kù nínú àpò. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo rẹ̀ ti funfun. Mo sun àpò náà. Mo gbé owó lọ sílé obìnrin yẹn, mo kúnlẹ̀. Ó gba owó náà, ó sì dá mi lóhùn pé, "Owó mi ti dé. Ìgbàgbọ́ mi kò bá a dé." Kò rà lọ́wọ́ mi mọ́ láéláé, kò sì jẹ́ kí ará ilé rẹ̀ rà.

Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ mi fi gbọ̀n. Mo ti fi ọwọ́ ara mi rí bí ó ṣe rọrùn tó. Ìwé, èédú, osùn, ọjọ́ mélòó kan, ojú ènìyàn á gbà á gbọ́. Ẹni tó ṣe èèpo awọ́pa tí mo tà lọ́jọ́ náà, ọlọ́wọ́ọ̀ṣọnà ni bóyá. Ohun tó yà wá sọ́tọ̀ kì í ṣe ọgbọ́n ọwọ́. Nígbà tí àlejò yẹn bi mí léèrè, mo sọ òótọ́ fún un pé ìwé ni. Òun, ó dákẹ́. Èmi náà, nígbà tí obìnrin yẹn bi mí, mo purọ́. Nítorí náà, ọ̀kan náà ni àwa méjèèjì lọ́jọ́ yẹn, èmi àti ẹni tó kun èèpo.

Ìdí nìyẹn tí mo fi rọ kọmití pé kí a kọ nǹkan sí ìsàlẹ̀ igi yìí. Ẹ lọ wò ó, ó wà níbẹ̀ gàdàgbà: "Ìwé, ìyẹ̀fun pákó àti sítáàṣì ni a fi ṣe èèpo igi yìí." Ẹnì kan ní á ba ẹwà rẹ̀ jẹ́. Mo ní kò bà á jẹ́ rárá. Láti ìgbà tí a ti kọ ọ́, ńṣe ni àwọn ènìyàn ń yà wá kí wa kú iṣẹ́, torí wọ́n ti mọ ohun tí a ṣe.

Mo ní ohun mẹ́ta láti bẹ̀ yín kí n tó jókòó.

Ọ̀kan, ẹ̀yin tí a jọ ń ta èèpo. Kí ẹ tó ra àpò kan, ẹ ṣẹ́ ẹyọ kan sí méjì. Kí ó pọ́n dé inú, kì í ṣe ojú nìkan. Ẹ rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì. Omi awọ́pa gidi náà máa ń pọ́n, nítorí náà ẹ má wo omi, èèpo ni kí ẹ wò: bí èèpo bá funfun, ẹ dá a padà fún ẹni tó gbé e wá. Ẹ sì máa sọ òótọ́ fún àwọn ìyá ọlọ́mọ, pé ọmọ tí ara rẹ̀ bá ń gbóná, ọsibítù ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún pọ̀ jù fún ọmọ kékeré. Oníbàárà tí a rán lọ sí ọsibítù yóò padà wá rajà. Èyí tí a tàn jẹ kì í padà.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí a ro tàwọn igi wa. Igbó ọba ṣì wà ní Ìsẹ̀, ìnàkí ṣì ń gbé inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjà wa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn tó ń gbé èèpo wá fún wa pé kí wọ́n má bó o yí igi po. Ẹ̀gbẹ́ kan ni kí wọ́n mú, kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀. Igi tó bá yè ni a ó tún rí bó lọ́la.

Ẹ̀kẹta, ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín ní iṣẹ́ yìí. Ọmọ tó bá ti tẹ amọ̀ mọ́ ara igi, tó sì wo ohun tó jáde, kò ní kọjá lára igi bí ẹni tó fọ́jú mọ́. Bóyá Ọlọ́wẹ̀ mìíràn wà nínú àwọn tó ń fọwọ́ kan tábìlì wa láti àárọ̀ yìí.

Lẹ́yìn ìpàdé, ọmọ tó mú ọ̀bẹ lọ́jọ́sí yóò fi bí a ṣe ń tẹ amọ̀ han àwọn ọmọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Òun ni ọ̀gá wa nísinsìnyí. A ti gbin ọ̀pá odán kan sí ẹ̀yìn ìsọ̀ àwọn aláta, ó ti yọ ewé. Ẹ dákun, ẹ má fi ọ̀bẹ kàn án.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a jókòó sí òjìji rẹ̀. Ẹgbẹ́ wa yóò máa ga sí i, ọjà wa yóò máa tà, a kò ní fi ọwọ́ ara wa ta ohun tí yóò pa ọmọ ẹlòmíràn lára.